Ìgò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Kútọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ìlú òyìnbó gbà lọ́wọ́ mi ni òórùn. Àwọn ẹlòmíràn máa ń sọ ti òtútù, wọ́n á sọ ti oúnjẹ tí kò ní ata, wọ́n á ní ilẹ̀ tètè ń ṣú. Gbogbo rẹ̀ lojú mi rí. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́fíńdà, nígbà tí mo jáde síta láàárọ̀ ọjọ́ kìíní mi ní Skọ́tílándì, mo fa èémí sínú, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún fà á. Òtútù nìkan ló wọlé. Mo ní, ó parí, imú mi ti bàjẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Mo sáré padà sínú yàrá, mo ṣí àpótí mi, mo ki imú bọ ìró tí Màámi fi tùràrí sí láàárín. Ó wà níbẹ̀, digbí. Imú mi ò ní nǹkan kan. Ìlú náà ni kò ní òórùn. Mo jókòó sórí àpótí yẹn, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí Màámi jẹ́, kí ohun tí mo fẹ́ sọ lè yé yín. Bí ẹ bá dé Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, nítòsí ibi tí ọkọ̀ Èkó ti ń gbéra, tí ẹ béèrè Ìyá Onílọ́fíńdà, kò sẹ́ni tí kò ní júwe ibẹ̀ fún yín. Lọ́fíńdà olóróró ni wọ́n ń tà, àti tùràrí, àti tìróò, àti tẹ̀sùbáà, àti bùùtà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ìyá tó bí wọn náà tà á. Ohun tó ń mú kí àwọn oníbàárà máa ti Ìtòrí àti Ọ̀fàdà wá ni pé ọtí kì í sí nínú ọjà Màámi. Ọ̀pọ̀ lọ́fíńdà tó wà nígboro, ọtí ni wọ́n fi pò ó, bẹ́ẹ̀ àwọn Mùsùlùmí kan wà tí wọn ò ní fi ọtí sára kírun láéláé. Bí ẹni tó ń kó ọjà bá dé láti Èkó, Màámi á ṣí ìgò kan, wọ́n á gbé e kọjá níwájú imú wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Gbé e padà. Ọtí wà nínú ẹ̀."

Onítọ̀hún á búra, á pe Ọlọ́run, á pe ìyá ẹ̀. Màámi á kàn rẹ́rìn-ín.

"Ọtí kì í fara pamọ́ fún mi, ọmọ mi. Gbé e padà."

Mi ò rí ọjọ́ tí wọ́n ṣì í. Èmi ni wọ́n sì kọ́ ní iṣẹ́ náà. Wọ́n á fi gèlè dì mí lójú, wọ́n á gbé ìgò mẹ́ta mẹ́ta síwájú mi, wọ́n á ní kí n sọ èyí tó ní irọ́ nínú. Irọ́ ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní ọtí. Àbúrò mi Ráfíátù ò lè kọ́ ọ ní tiẹ̀. Ráfíátù ò mọ̀yàtọ̀ láàárín lọ́fíńdà àti kẹrosíìnì, ó sì máa ń bínú bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe lókè òkun, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń pààrọ̀ aṣọ wọn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí kì í fẹ́ kí n fọwọ́ kan òun. Bí mo bá ti wọlé báyìí, á kọjú sí ògiri. Ojoojúmọ́ ni mo ń kí i. "Ẹ káàárọ̀ o, Mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Yorùbá ni mo fi ń kí i, nítorí pé kò kúkú ní dáhùn ní èdè kankan. Lọ́jọ́ kan mo dé, ibùsùn ti ṣófo. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi, wọ́n kàn ní kí n pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tẹ́ ẹ dáadáa, mo sì wábi jókòó. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí kì í wo ojú mi lè fi mí sílẹ̀ nínú irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lóṣù náà.

Ibi kejì tí mo rí, ṣọ́ọ̀bù ni. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa nu ilẹ̀ àti fèrèsé. Mo débẹ̀, mo rí i pé wisikí ni wọ́n ń tà, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ìgò láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ka àsìtàgàfírúlà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo wá ní, ilẹ̀ ni mo wá nù, mi ò wá ta ọtí. Mo bọ́ sínú ilé.

Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ́ Mọ́rágì, obìnrin gígùn kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti ń nu ilẹ̀ fún un bí oṣù méjì kí ọkùnrin kan tó jẹ́ kí ìgò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fọ́ yángá. Ọkùnrin náà fọwọ́ lérí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èmi mú aṣọ ìnulẹ̀, mo kúnlẹ̀, mò ń ṣọ́ra kó má kan aṣọ tí mo fi ń kírun. Ṣùgbọ́n imú ò gbà pé òun ò mọ̀. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

"Dàbínù."

"Kí lo wí?" Mọ́rágì ti dúró lẹ́yìn mi.

"Ó ń ta sánsán bí dàbínù, Mà. Èèpo ọsàn tí wọ́n sá sí oòrùn náà wà níbẹ̀. Nǹkan kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó jóná díẹ̀."

Ó lọ mú ìwé tí àwọn tó pọn ọtí náà kọ nípa rẹ̀, ó fi hàn mí. Dàbínù, èèpo ọsàn, èéfín. Ó tún gbé ìgò mẹ́ta mìíràn wá, ó ṣí wọn, ó ní kí n máa sọ. Mo sọ. Kí oṣù yẹn tó parí, ẹlòmíràn ti ń nu ilẹ̀, èmi ti ń sọ òórùn inú ìgò fún àwọn oníbàárà.

Ẹ máa bi mí pé irọ́ tí mo pa fún ara mi lẹ́nu ọ̀nà yẹn ńkọ́. Ìyẹn ò ṣeé gbà gbọ́ mọ́, nítorí mi ò nu ilẹ̀ mọ́. Mo kàn fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: mo ní òórùn ni mò ń tà, àwọn ni wọ́n ń mu ún.

Lọ́sàn-án gbogbo Sátidé, àwọn olólùfẹ́ wisikí máa ń pàdé nídìí tábìlì gbọọrọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n tó bíi mẹ́jọ. Kálukú á gbé ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá, á gbé e kalẹ̀, á yí i síbi tí àwọn tó kù á ti rí orúkọ tó wà lára rẹ̀. "Ta ló ra kí ni lọ́sẹ̀ yìí?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan á ní kí wọ́n má ra ti àgbá tuntun yẹn, àtijọ́ ló dáa. Òmíràn á ní irọ́ ni, kí wọ́n fi ẹ̀kán omi mẹ́ta sí i kí wọ́n tó bú u. Wọ́n á jà lórí omi yẹn bí ẹni ń jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Dọ́gì, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ apẹja, ni ẹnu ẹ̀ le jù. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ lọ́jọ́ tí Mọ́rágì ní kí n wá jókòó.

"Ẹni tí kì í mu ún, kí ló mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́ òórùn rẹ̀ ná," ni Mọ́rágì dá a lóhùn.

Ìgò Dọ́gì fúnra ẹ̀ ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Òórùn kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo wọn ń wá orúkọ rẹ̀ kiri. Ọ̀kan ní wàrà tó kan ni, ọ̀kan ní koríko tútù ni. Mo gbé e sí imú, ẹ̀rín sì gbé mi lọ. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ojú tì mí.

"Láfún ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ní ẹ̀gẹ́ la máa ń rẹ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin títí á fi kan, lẹ́yìn náà la ó sá a, tí a ó lọ̀ ọ́, tí a ó rò ó jẹ. Mo ní bí ẹ bá kọjá lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Kémta ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti rẹ ẹ̀gẹ́, ohun tó wà nínú ìgò yín yìí lẹ máa gbọ́. Dọ́gì tún gbé ife sí imú, ó pa ojú dé. Ó pẹ́ kó tó la ojú. Ó yọ ìwé kékeré kan lápò, ó ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni láfún ti wọ ẹnu wọn. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àgbàlagbà òyìnbó tí kò lè fọwọ́ tọ́ka sí Abẹ́òkúta lórí àwòrán ayé á gbé ife kalẹ̀, á ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n láfún inú ẹ̀ ti pọ̀ jù." Bí mo bá délé, màá máa rẹ́rìn-ín lémi nìkan, kò wá sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Èyí ló ń dùn mí jù. Níbi gbogbo nílùú yẹn, àlejò ni mí. Ní báńkì, wọ́n á ní kí n tún orúkọ mi pè. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á jókòó síbòmíràn títí ààyè á fi kún. Nídìí tábìlì yẹn nìkan ni wọ́n ti ń dúró dè mí kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rò. Bí mi ò bá wá, Dọ́gì á bínú. Ó wá jẹ́ pé ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti kà mí sí èèyàn ni ibi tí mi ò lè dárúkọ nílé.

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Màámi máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Sunday, bí wọ́n bá ti ibi àdúrà àsàláátù ní mọ́ṣáláṣí dé. Lọ́jọ́ kan wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń tà níbi iṣẹ́ mi tuntun.

"Nǹkan inú ìgò ni, Màámi. Àwọn oníbàárà máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kí wọ́n tó rà á."

"Lọ́fíńdà!" Wọ́n pariwo débi pé mo gbé fóònù jìnnà sétí. "Ráfíátù, wá gbọ́! Lọ́fíńdà ni wọ́n fi ọmọ mi sí! Alihamudulilahi! Mo sọ fún yín, mo ní imú yẹn ò ní lọ lásán!"

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ìgò là ń sọ. Màámi á sọ èyí tó ti Dùbáì dé fún mi, òdòdó báyìí ló wà níwájú rẹ̀, igi ló tẹ̀lé e. Èmi náà á sọ tèmi. Mi ò pe orúkọ kankan, òórùn nìkan ni mò ń sọ.

"Igi wà nínú ẹ̀?"

"Igi wà nínú ẹ̀, Màámi. Igi tó ti gbó dáadáa."

"Oyin ńkọ́?"

"Oyin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tètè jáde."

"Hẹn ẹn! Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Má tà á fún ẹni tí kò ní sùúrù o."

Ẹ wò ó, àwa méjèèjì ń gbádùn. Nígbà tí mo wà lábẹ́ wọn ní Kútọ̀, wọ́n ń kọ́ mi ni, wọ́n ń bá mi wí. Àfìgbà tí mo dé òkè òkun ni èmi àti Màámi tó di ẹlẹgbẹ́ ara wa lórí iṣẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kí n ba á jẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ọ̀kan sí i, níwọ̀n ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo tọ́ ọtí náà wò lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Iléyá ni. Wọn ò fún mi ní ìsinmi, mi ò rí ẹni bá kírun, Ráfíátù ń fi àwòrán ẹran ránṣẹ́ láti Kémta. Mo fi ahọ́n kan ohun tó ṣẹ́kù nínú ife kan. Ó ta mí lẹ́nu bí ata, ojú mi dà sómi, mo sì lọ yọ ẹnu mi léraléra. Mi ò tún tọ́ ọ wò mọ́. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, mi ò gbé fóònù Màámi, mo purọ́ pé ara mi ò yá.

Ní ọdún kejì, ibà kan mú Màámi pẹ̀lú ọ̀fìnkìn. Ráfíátù ní ó pẹ́ lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti dìde, wọ́n ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ti ìgò tiwọn mọ́. Tèmi ni wọ́n ń béèrè.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Má yára. Kí ló kọ́kọ́ jáde?"

Mo rò pé àárò mi ló ń sọ wọ́n. Inú mi tilẹ̀ ń dùn.

Ọ̀kan wà tí Dọ́gì gbé wá lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe gbé e sí imú, mo bá ara mi ní Abẹ́òkúta. Òjò àkọ́rọ̀ tó bọ́ sórí páànù gbígbóná. Dàbínù. Lẹ́yìn náà, èéfín igi tó ń ti ọ̀nà oko bọ̀. Mo sọ ọ́ fún Màámi lọ́jọ́ kejì bí mo ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́.

"Màámi, ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Fi díẹ̀ nínú ìyẹn ránṣẹ́ sí mi."

"Ọjà náà wọ́n, Màámi."

"Mi ò ní kó o kó àpótí kan wá. Díẹ̀. Kí èmi náà gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń gbọ́. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ látìgbà tó o ti lọ." Òótọ́ ni, wọn ò tọrọ nǹkan kan rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń béèrè. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìtòrí ń lọ sílé, ó ní òun á gbé e dé Kútọ̀. Mo bu ọtí náà sínú ìgò lọ́fíńdà kékeré kan, mo dé e pa. Kí ẹ má tíì bú mi. Mi ò fẹ́ tan Màámi jẹ lọ́jọ́ yẹn, òdì kejì ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa jẹ́wọ́, ẹnu mi ò gbà á. Mo wá rò ó pé ẹnì kan wà láyé tí ọtí kì í fara pamọ́ fún. Bí wọ́n bá ti ṣí i báyìí, kó tó dé imú wọn, wọ́n á ti mọ̀. Wọ́n á pè mí, wọ́n á sunkún, wọ́n á bú mi, màá bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ á tán. Imú wọn ni mo fẹ́ kó bá mi sọ ohun tí ẹnu mi ò lè sọ. Ìwà ojo ni, mo mọ̀. Mo tilẹ̀ kọ ìwé pélébé kan mọ́ ọn: "Màámi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fi sára."

Wọ́n pè mí lọ́jọ́ tí ìgò náà dé.

"Mo ti gbà á o!"

"Ẹ ti ṣí i?"

"Mo ti ṣí i. Háà! Òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù gbígbóná. Dàbínù. Èéfín igi ló wá tẹ̀lé e, bí ẹni pé ọ̀nà oko ló ti ń bọ̀."

"Kí lẹ tún gbọ́, Màámi?"

"Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́? Ó dáa. Ó dáa gan-an ni. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ."

Mo jókòó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo ní, wọ́n mọ̀. Wọ́n gbọ́ ọtí yẹn, wọ́n sì dákẹ́ nítorí mi. Màámi ti fi orí jì mí láìsọ ọ́ jáde. Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe fúyẹ́ tó. Lọ́jọ́ Sátidé, Dọ́gì béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní kò sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ráfíátù ló pè. Ọ̀sán ni, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ẹnì kan ti kú.

"Àǹtí mi, kí ló wà nínú ìgò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Màámi?"

Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ àsàláátù, Màámi wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n fi ohun tó wà nínú ìgò náà sí ọrùn, sí ọwọ́, sí etí ìbòrí wọn. Wọ́n jókòó sí ààyè wọn níwájú. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Ẹnì kan ní, "Ta ló gbé ọtí wọ mọ́ṣáláṣí?" Ìyá Àdínì, olórí wọn, dìde, wọ́n ń gbọ́ òórùn lọ láti ìlà dé ìlà títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Màámi, wọ́n sì dúró.

"Èmi?" ni Màámi wí. "Èmi Ìyá Onílọ́fíńdà?"

Màámi gbé Kùráánì. Wọ́n búra. Wọ́n ní ọmọ òun ló fi ránṣẹ́, pé òun fi imú ara òun gbọ́ ọ, pé kò sí ọtí nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè já wọn nírọ́, nítorí pé gbogbo Abẹ́òkúta mọ imú Màámi. Ṣùgbọ́n òórùn náà ń bẹ nínú ilé. Àwọn tó jókòó tì wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ẹ̀yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi nìkan ló kù ní ìlà iwájú, wọ́n sì kírun tán bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí mi, mo gbọ́ ọ o," ni Ráfíátù wí. "Èmi tí mi ò ní imú. Ó gba gbogbo ilé."

Mo sọ ohun tó wà nínú ìgò náà fún un. Mo sọ iṣẹ́ mi fún un.

"Ọbẹ̀ jóná lọ́jọ́ kan," ni ó wá wí, "Màámi jókòó tì í, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Ilé kún fún èéfín. Mo rò pé wọ́n sùn lọ ni."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo kúrò nídìí ìgò tí mò ń tò, mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo pe Màámi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Wisikí. Tábìlì ọjọ́ Sátidé. Dọ́gì. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Ìdí tí mo fi fi ìgò náà ránṣẹ́. Wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, mò ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń pe èrò Èkó lẹ́yìn wọn.

"Látìgbà ibà yẹn ni," ni Màámi wí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ tí ìgò rẹ dé, mo gbé e mọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ mu ún. Kò sí nǹkan kan. Mo wá ka ọ̀rọ̀ tìrẹ padà fún ọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ ńkọ́, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ìwọ ni mo fi ń tajà," ni wọ́n tún wí. "Ohun tó o bá sọ fún mi lọ́jọ́ Sunday, òun ni mò ń sọ fún oníbàárà títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Igi tó gbó. Oyin tí kì í tètè jáde. Wọ́n ń rà á."

"Màámi, ẹ lọ sọ fún wọn pé èmi ni. Ẹ sọ pé ọmọ yín ló tàn yín."

"Dákẹ́. Ìwọ ló fọwọ́ mi lé Kùráánì? Mo búra lórí ohun tí mi ò gbọ́." Wọ́n pa fóònù.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, Ráfíátù bá wọn lọ. Ó ní wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá, ibi tí àwọn tó pẹ́ dé máa ń jókòó. Nígbà tí wọ́n kírun tán, Màámi dìde dúró.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo fi sára lọ́jọ́ yẹn, ọtí ni. Mo búra pé mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Imú mi ti kú. Látìgbà ibà tó ṣe mí ló ti kú. Gbogbo ẹni tó bá ti ra lọ́fíńdà lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó tún fi kírun. Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìbúra mi. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì."

Ìyá Àdínì béèrè pé ọmọ tó fi ránṣẹ́ ńkọ́.

"Ọmọ mi ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí," ni Màámi wí, wọ́n sì jókòó.

Ráfíátù ní àwọn kan sunkún. Ìyá Àdínì wá dì mọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó lé wọn, kò sẹ́ni tó bú wọn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ndè, obìnrin kan gbé ìgò mẹ́ta padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ kó tó gbé e kalẹ̀, ó ní kí Màámi má bínú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn dé. Gbogbo wọn ló ń kúnlẹ̀, gbogbo wọn ló ń dá ọjà padà. Ta ló fẹ́ ra lọ́fíńdà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ òórùn?

Èmi náà gba ààwẹ̀ mẹ́ta yẹn. Oòrùn kì í tètè wọ̀ ní Skọ́tílándì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn olólùfẹ́ wisikí pàdé. Dọ́gì gbé ìgò tuntun wá tayọ̀tayọ̀, ó ní odidi ọdún ni òun fi wá a kiri. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó tì í sọ́dọ̀ mi, gbogbo wọn ń wò mí lẹ́nu. Mo gbé e sí imú. Mo fẹ́ kí n má gbọ́ nǹkan kan. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀: oyin, awọ, iyọ̀ òkun, èso tó ti pọ́n jù. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó tó oṣù kan kí Màámi tó tún pè mí. Ọjọ́ Sunday náà ni, àsìkò tí wọ́n máa ń ti àsàláátù dé. Ohùn wọn balẹ̀. Wọ́n ní òun ti kó ohun tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù fún Ráfíátù, kó máa ta tẹ̀sùbáà àti bùùtà, kó má fọwọ́ kan lọ́fíńdà. Wọ́n ní òjò ń rọ̀ ní Kémta. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Màámi."

"Mo ní mi ò ní ta ohun tí mi ò lè gbọ́ òórùn ẹ̀ mọ́," ni wọ́n wí. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ṣì wà nídìí ọtí yẹn?"

Mo ronú irọ́ tí mo lè pa. Ó wà lẹ́nu mi tó ṣe tán, ó dùn ún gbọ́. Ǹ bá ní mo ti kúrò níbẹ̀, wọn ì bá sì gbà mí gbọ́.

"Mo ṣì wà níbẹ̀, Màámi. Òun nìkan ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Mò ń gbọ́ òjò lórí páànù ilé wa.

"Ó dáa," ni Màámi wí. "O ò purọ́ fún mi lónìí."